Ibi Tí Màmá Ń Gbé Oúnjẹ Sí

Lọ́dún tí ojú bàbá mi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, ilé wa ní Dópẹ̀mú ò fìgbà kan dákẹ́. Òòlù Bùrọ̀dá Làmídì ló máa ń jí wa láàárọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n na irin mọ́tò tó bá tẹ̀ padà sípò, ṣọ́ọ̀bù wọn sì fẹ̀gbẹ́ kan ilé wa. Lẹ́yìn òòlù ni fèrè ilé iṣẹ́ kan lápá Ìkẹjà á dún, tí yóò máa pe àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ rélùwéè á kọjá lápá Agége, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Àgbà á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Nínú gbogbo ariwo yìí, ohùn kan wà tó jẹ́ ti ilé tiwa nìkan: ohùn àkísà lára irin, fìì, fìì, fìì, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn iṣẹ́ Bàbá nìyẹn. Wọ́n máa ń fi kọ́ńpáùn àti pólíìṣì pa ìlà rẹ́ lára ọ̀dà mọ́tò títí ẹ ó fi lè ka eyín ẹnu yín nínú rẹ̀. Bàbá Dígí ni gbogbo òpópónà ń pè wọ́n. Mo ti dàgbà ju bí Bàbá ṣe wà nígbà náà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń nu tábìlì nítòsí mi, mo ṣì máa ń yíjú wò.

Abẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá, bí a bá lè pe bẹ́ńṣì kan àti páànù díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Agolo mẹ́ta ni wọ́n ń lò, láti orí kọ́ńpáùn tó le jù dé orí pólíìṣì tó kúnná jù. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá bá wa gbé, ni wọ́n sọ àwọn agolo náà lórúkọ. Wọ́n ti ìka bọ èyí tó le jù, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á wò, wọ́n ní, "Gààrí nìyí." Èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní èlùbọ́ ni. Pólíìṣì tó kúnná jù, tó ń ta sánsán díẹ̀, wọ́n ní àtíkè ni, wọ́n sì ti fẹ́ fi pa ọrùn kí Bàbá tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n lórúkọ mìíràn nílé wa. Bí mọ́tò bá dé, Bàbá kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan agolo kankan. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́ ná, nítorí iyanrìn tó bá kù lára rẹ̀ ló ń di ìlà tuntun. Wọ́n á wá fi èékánná wọ́ ojú ibi tó họ. Bí èékánná bá há, wọ́n á ní, "Èyí ti jìn ju tèmi lọ, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń fín ọ̀dà." Bí kò bá há, wọ́n á kán omi sí i. Bí ìlà náà bá pòórá nínú omi, a jẹ́ pé kò wọlé púpọ̀, pólíìṣì lè mú un. "Àtíkè ni kí èèyàn kọ́kọ́ gbé," ni wọ́n máa ń wí. "Bí kò bá ràn án, kó gbé èlùbọ́. Gààrí, ó di ọjọ́ tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀dà tí o bá ti nù kúrò, o ò lè nù ún padà."

Ṣùgbọ́n irú ìlà kan wà tí kì í ṣe ti èékánná, tí kì í sì í ṣe ti omi. Nígbà ọyẹ́, àwọn awakọ̀ á mú àkísà gbígbẹ, wọ́n á fi nu eruku orí mọ́tò ní yíkáyíká, eruku náà á sì máa fín ọ̀dà bí wọ́n ṣe ń nù ún. Ohun tó ń kù síbẹ̀ ni ìlà wẹ́wẹ́ tó yí po bí òwú aláǹtakùn. Ìlà aláǹtakùn gan-an ni Bàbá ń pè é. Ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án gangan pàápàá, o lè wò ó kí o má rí nǹkan kan. Ìgbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì, tó wá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ á yọ síta. Iṣẹ́ ojú ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ojú yìí gan-an ló sì ń kúrò lára Bàbá.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé Bàbá ti ń fi ìka wá ẹja nínú ọbẹ̀, pé bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá gbọ́dọ̀ wà níbì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹnikẹ́ni bá sì sún un díẹ̀, ilé á gbóná. Wọ́n á ní èéfín ìdáná ló ń ta wọ́n lójú. Màmá bá wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dé kí a tó jẹun alẹ́. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà, tí mo ń wá bàtà mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá. "Èyí tó ti lọ ò ní padà. Wọ́n ní èyí tó kù náà máa tẹ̀ lé e. Kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Ìyá pàápàá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ lójú ọ̀nà yìí pé mi ò ríran, kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́tò wá bá mi mọ́. Bí wọn ò bá sì gbé mọ́tò wá, kí ni mo wá jẹ́?" Mo gbọ́ tí Màmá ń gbọn aṣọ, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n tún ń tú u, tí wọ́n tún ń ká a.

Ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì wá dá, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Màmá ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ti jáde yunifásítì, tí Bàbá sì ti dolóògbé. Ohun tí mo rí ò ju pé Màmá ń gbé oúnjẹ fún ọkọ wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni, tàbí ẹ̀wà àti dòdò, pẹ̀lú omi nínú kọ́ọ̀pù onítánganran. Wọ́n á rọra yí mọ́tò po bí ẹni tó ń wá ibi tó tẹ́jú, wọ́n á wá gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ lé e. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ni. Lọ́la, ẹ̀yìn bọ́ọ̀tù ni. Bàbá á ní, "Ibo lo gbé e sí?" Màmá á fi ìka kan ara mọ́tò, kó, kó. "Níbí ni o, ẹ wá jẹun." Ibi tí oúnjẹ bá wà, ibẹ̀ ni ìlà aláǹtakùn ṣì kù sí. Bàbá á jẹun, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á sì padà sí ibẹ̀ gan-an. Bí iṣẹ́ bá ti parí pátápátá, orí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi ni oúnjẹ á wà. Àwa ọmọdé ò fura. Bùrọ̀dá Làmídì, tí kì í lè ṣe kí wọ́n má ṣẹ̀fẹ̀, ló máa ń sọ ọ́ di àwàdà. Orúkọ mi, Mufú, ni wọ́n fi ń pe Màmá.

"Ìyá Mufú, ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ bọ́ ni? Ẹ̀ ń yí i po bí ẹni tó ti dé Mẹ́kà!"

"Làmídì, fẹ́ ìyàwó tìrẹ. Orí òòlù ni á máa gbé oúnjẹ tìrẹ lé."

"Kó ṣáà kọ́kọ́ wá ná! Bó bá gbé e sórí páànù, màá jẹ ẹ́."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ẹ̀rín yẹn ni Màmá fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún gbogbo àsìkò tó fi wà.

Láìpẹ́ yìí, àwọn tó ń bá mi fọ mọ́tò fi àkísà oníyanrìn bà á jẹ́, mo sì lọ sí ilé ìtajà kan ní Allen Avenue láti ra pólíìṣì. Ìgò ló kún ògiri níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, "Dádì, ẹ mú èyí tó le yìí. Kíá ni gbogbo ìlà yẹn máa lọ." Mo ní, "Ọmọ mi, fún mi ní èyí tó kúnná jù." Ó ní, "Ẹ máa pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an o, Dádì." Mo ní kò sí ibi tí mò ń sáré lọ. Mọ́tò òde òní ní nǹkan kan bíi gíláàsì tí wọ́n fín sórí ọ̀dà rẹ̀, kọ́ńpáùn kì í sì í kan ọ̀dà gan-an bí kò bá tíì jẹ gíláàsì yẹn tán. Ti ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Bàbá bá ń nu mọ́tò aláwọ̀ ewé, àkísà á di ewé. Bí wọ́n bá ń nu dúdú, àkísà á dúdú. Àwọ̀ tó bá wà lára àkísà ló ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé ó tó, kó dúró. Ẹni tí kò bá rí àkísà ọwọ́ ara rẹ̀ ńkọ́? Ìta ni mo jókòó sí tí mo ń nu mọ́tò mi lọ́jọ́ yẹn títí oòrùn fi rẹlẹ̀, tí mo ń gbé ojú súnmọ́ ọn. Èmi náà ti ń kán oògùn sójú báyìí.

Nígbà tí ọdún tí ojú Bàbá ń ṣú yẹn ti ń lọ sópin, àbúrò Màmá bímọ ní Muṣin, wọ́n sì ránṣẹ́ pé kí Màmá wá bá wọn wẹ ọmọ. Màmá ò fẹ́ lọ. Bàbá ló ní kí wọ́n lọ. "Bí o ò bá lọ, wọ́n á béèrè ohun tó dè ọ́ mọ́lẹ̀. Kí lo máa sọ?" Mọ́tò kan sì wà nílẹ̀ tó kù díẹ̀ kó tán, Píjó dúdú kan tó jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan tó nílé ní Onígbòǹgbò. Bàbá Onígbòǹgbò la máa ń pè wọ́n, ọ̀dọ̀ Bàbá nìkan ni wọ́n sì ń gbé mọ́tò náà wá láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Kí Màmá tó jáde, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Báwo ni ìyàwó ṣe máa ṣí ẹnu sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti ń fọ́jú, nígbà tí ọmọ náà ti ní kò gbọdọ̀ gbọ́? Màmá sọ ìwọ̀n tí wọ́n lè sọ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé oúnjẹ wọn lọ, ẹ wo ara mọ́tò dáadáa. Ibi tí ẹ bá ti rí ìlà wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí."

"Ìlà kẹ̀? Ṣé ìlà ni ọmọ mi fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà ni?"

"Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Ìyá."

"Ó dáa. Máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú ọ sọ́nà."

Màmá sọ fún Bàbá pé àwọn ti sọ ibi tí oúnjẹ á máa wà fún Ìyá. Ọkàn Bàbá sì balẹ̀.

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó sídìí igi, mò ń fi òkúta fọ́ èso fúrúùtù láti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá ti nu gbogbo ara Píjó náà pẹ̀lú àtíkè, ó ń kọ mànà, mo sì ń rí ewé igi nínú rẹ̀ kedere ju bí mo ṣe ń rí i lókè lọ. Ìyá Àgbà gbé ẹ̀wà dé. Wọ́n wo mọ́tò yí ká lóòótọ́, wọn ò rí ìlà kankan, wọ́n ń pòṣé. Wọ́n wá rí ibi kan ṣoṣo tí igi ṣíji bò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí irin ti ṣẹ́ kọ́nà. Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ síbẹ̀. "Wá jẹun, ọmọ mi. Ibí tutù." Bàbá na ọwọ́, wọ́n mọ ibi tí oúnjẹ wà, wọ́n jẹ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ tán, wọ́n ṣí agolo èlùbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Àgbà tún gbé omi tútù wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún gbé e sí. Bàbá dúró. Ohun tí èyí sọ fún wọn ni pé ìlà ṣì kù síbẹ̀. Wọ́n fi èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí gààrí.

Bùrọ̀dá Làmídì ti sọ òòlù kalẹ̀, wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀, oòrùn yìí pọ̀." Bàbá ní, "Ó kù díẹ̀, Làmídì." Ta ló máa sọ fún Bàbá Dígí pé ó ti dán tó? Fìì, fìì, fìì. Nígbà náà ni mo rí i pé pupa ti ń jáde lábẹ́ ọwọ́ Bàbá, pupa tó ń fẹ̀ sí i bí àkísà ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọdé ni mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó máa ń pupa lábẹ́ ọwọ́ èèyàn báyẹn ni mo pariwo.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀! Ẹ ti fara pa!"

Bàbá dá ọwọ́ dúró. Wọ́n fi ọwọ́ kan yẹ ìkejì wò, ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sí imú. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá fi èékánná wọ́ ibi tí wọ́n ti ń nù, èékánná náà sì há sí etí ibi tí ọ̀dà dúdú ti tán, tí ọ̀dà pupa tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn sórí irin ti yọ. Wọ́n fi èékánná yẹn tọ etí rẹ̀ yí ká, wọ́n ń wọn bó ṣe tóbi tó. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti jáde, kò sì sí ẹni tí kò rí i pé ọwọ́ ni Bàbá fi ń wá ohun tí ọmọ kékeré ti rí láti ìdí igi. Ìyá Àgbà dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ibi tí kò ti sí oòrùn ni mo gbé e sí. Ṣé kí ọmọ mi máa jẹun nínú oòrùn ni?" Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

Nígbà tí Màmá fi máa dé, wọ́n ti fi aṣọ bo bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà bí òkú. Màmá ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún bò ó. Bùrọ̀dá Làmídì wọlé wá bá wọn ní pálọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, àwọn tí wọn kì í kí ẹnikẹ́ni láìṣẹ̀fẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n na ibẹ̀ ní òòlù. Bí irin bá ti tẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Màá sọ fún Bàbá Onígbòǹgbò pé irin ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní ti àwọn ará òpópónà, màá bá wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa lanu."

Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Mi ò tún ní lọ síbì kankan mọ́. Ojoojúmọ́ ni màá wà níbẹ̀."

Bàbá ní, "Làmídì, o ṣeun. Ṣùgbọ́n mọ́tò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ṣé gbogbo rẹ̀ lo máa na lóòlù?" Wọ́n wá yíjú sí ibi tí ohùn Màmá ti wá. "Ìwọ náà, bí ara rẹ ò bá dá lọ́jọ́ kan ńkọ́? Mo ti fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n fọkàn tán mi fi lé mi lọ́wọ́. Bí òjò bá bá irin yẹn, á dípẹtà. Mú mi lọ sí Onígbòǹgbò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹnu mi ni bàbá yẹn á ti gbọ́ pé mi ò ríran."

"Gbogbo èèyàn ló máa rí wa lójú ọ̀nà."

"Wọ́n ti rí mi tán lónìí."

Láàárọ̀, Bàbá wọ bùbá funfun tí wọ́n fi ń lọ kírun Jímọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá jọ jáde, Bàbá ló ń ṣíwájú, Màmá á sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, Màmá ló ṣíwájú. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ Bàbá mú, wọn ò sì fi gèlè tàbí ìborùn bo ìdìmú náà. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù ló wà lọ́tùn-ún lósì, ti àwọn tó ń na irin, ti àwọn tó ń jó irin pọ̀, ti àwọn tó ń tún iná ṣe. Gbogbo wọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a ṣe ń kọjá, ariwo ń dákẹ́ níwájú wa, wọ́n sì ń dìde, wọ́n ń tẹrí ba fún ẹni tí kò lè rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá kí Bàbá bó ṣe máa ń kí wọn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Dígí!"

Àwọn yòókù náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!" Mo mọ̀ báyìí pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é, pé wọ́n fẹ́ dá iyì Bàbá padà. Bàbá dúró láàárín ọ̀nà. Màmá rò pé wọ́n kọsẹ̀, wọ́n yí padà.

"Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́," ni Bàbá wí. Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo òpópónà gbọ́. "Ìrìn ni mò ń rìn. Ẹ kí mi kú ìrìn."

Mo ń wo ojú wọn, ojú àwọn ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ gbé irin gbígbóná, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bàbá dúró, wọ́n gbé orí sókè díẹ̀, wọ́n ń retí. Níkẹyìn, Bùrọ̀dá Làmídì, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé wa láti ilé láìjẹ́ kí a mọ̀, sọ ọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá."

Bàbá yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Màmá ló wá dáhùn fún wọn, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o," wọ́n sì tún fà wọ́n lọ́wọ́, a ń lọ.